Ẹni tí Kò Fọwọ́ Bọ Tíréè

Inú máa ń bí mi. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi pamọ́ níbẹ̀, gbogbo Enugu Road, àdúgbò wa ní Kano, ló mọ̀. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ nítorí pé Matilda Adédèjì ni ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ohun tí wọ́n ń fi ìbínú mi ṣe. Bí orí mi bá ti ń gbóná, kì í bá mi jà, kì í sì í bẹ̀ mí. Bírò ni yóò nà sí mi pẹ̀lú abala ìwé kan, yóò ní, "Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síbí." Kí n tó kọ ìlà kẹta, ojú á ti máa tì mí.

Sabon Gari ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Rélùwéè ló gbé bàbá bàbá rẹ̀ wá sí Kano láti Ọ̀fà, tèmi náà sì rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni Matilda báyìí. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Fìyìnfólúwa ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní yunifásítì, òun nìkan ló sì ń gbọ́ bùkátà ilé. Ní sítọ̀ ọlọ́ṣẹ kan ní Bompai, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀ sí ní Kano, òun ni alábòójútó àwọn tó ń di ọjà sí ọkọ̀ akẹ́rù. Èmi ni mo ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ lẹ́nu géètì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Làmídì, ọ̀kan nínú àwọn tó ń di ọjà, máa ń dúró nílẹ̀, á máa ju páálí ọṣẹ sókè. Collins á wà lórí ẹrù, á máa gbà á, á sì máa tò ó. Wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wo ojú ara wọn, ọwọ́ ló mọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí ẹni tó ń jù ú, páálí yóò gba ẹni tó wà lókè láyà. Bí inú bá sì ń bí ẹni tó wà lókè, páálí lè padà sórí ẹni tó jù ú, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tí Matilda fi ṣe òfin tirẹ̀. Bí aago mẹ́wàá bá lù, kí a tó di ẹrù ọjọ́ náà, gbogbo wa ni a ó jókòó yí tíréè kan ká bí àwọn ará Kano ṣe ń jẹun, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n da òróró àti yàjì, ata àwọn ọlọ́sùyà, lé lórí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bù ú. Ẹni tí kò bá fọwọ́ bọ tíréè kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní ènìyàn lè fi ẹnu parọ́ pé inú òun dùn, àmọ́ kò rọrùn láti bá ẹni tí o ń bínú sí jẹ nínú abọ́ kan.

Ó mọ ìbínú kálukú wa. Ti Làmídì, ariwo ni. Bó bá ti pariwo tán, ó ti tán nínú rẹ̀, yóò sì máa bi ọ́ léèrè ìdí tó o fi fajú ro. Ti Collins ló ń bani lẹ́rù. Ọmọ Ibo tí wọ́n bí sí Brigade ní Kano níbí ni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, Píjìn ló kàn fi ń dáhùn. Bí inú bá ń bí Collins, kì í sọ̀rọ̀ rárá. Nígbà kan, ó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, lọ́jọ́ karùn-ún ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹrù tí a ò tíì dì dé ìdajì, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Matilda ló lọ bá a nílé.

Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí Matilda wà ní ìsinmi, àwọn alágbàṣe méjì jà, apá ọ̀kan sì kán. Wọ́n lé àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá wa, Richard, ọmọ Kàbà kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, pe Matilda sí ọ́fíìsì. Ó ní, "Madam, bí wọ́n bá tún jà níbí lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀yin ni n ó kọ́kọ́ ní kí ẹ máa lọ." Èmi nìkan ni Matilda sọ fún, ó sì bẹ̀ mí pé kí n fi ẹnu mọ́ ẹnu. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Bí páálí kan bá já bọ́, àyà mi náà á já.

Àfi bí ọkọ̀ tó lọ sí Gashua ṣe padà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú páálí mẹ́tàdínlógún tó ti fọ́. Làmídì ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọjú sí Collins lójú gbogbo ènìyàn. "Kai, Collins, ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni? Wallahi, ìyá mi tó ti kú á to ẹrù jù báyìí lọ." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Collins wò ó, kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí tíréè dé lọ́jọ́rú, Collins dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kò fọwọ́ bọ̀ ọ́. Matilda dúró lẹ́yìn wa, ó ń wo ọwọ́ kálukú, mo sì rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ó ní kí Collins lọ máa ka páálí, ó fi Ògo, alágbàṣe kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, sórí ẹrù dípò rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò tíì mọ́ Ògo lára, páálí ń já bọ́, Làmídì ń pariwo pé wọ́n fẹ́ pa òun. Lọ́jọ́bọ̀, bákan náà. Collins kò jẹun. Matilda sún mọ́ mi lẹ́nu géètì. "Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, ọjọ́ kejì rèé o. Mo mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí máa bí." Èmi, inú Làmídì ló ń bí mi, débi pé èmi fúnra mi mú bírò láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ méjì dé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì fẹ́ lọ kí ìrun Jímọ̀ọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí bí Ògo ṣe lè ṣe é. Matilda rú òfin ara rẹ̀: kò dúró de tíréè, ó ní kí Collins gun òkè. Ó wá lọ dúró sí ìdí ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìwé tó ń kọ nǹkan sí mú mọ́ àyà. Làmídì ju páálí kìíní. Collins gbà á. Ó ju ìkejì, ó gbà á. Mo ka ogójì kí n tó rántí pé ọkọ̀ kan ń fọn fèrè fún mi ní géètì.

Aago mẹ́wàá lù, tíréè dé. Collins sọ̀ kalẹ̀, ó tún lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Matilda kò lè fara dà á mọ́.

"Collins, kí ni Làmídì ṣe fún ẹ tí kò tán? Wá jẹun, mo bẹ̀ ẹ́."

Ó ya Collins lẹ́nu. "Lamidi? Na so him mouth be. I don forget that one." Ó wolẹ̀. "Mama, na you I dey wait. Since Monday you never put hand for this tray. I say, if Mama dey vex like this, na me she wan pursue."

Gbogbo wa wo Matilda. Èmi tí mo ń jẹun níwájú rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, n kò rí i. Ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ló ń wò, àwa náà ń wo ọwọ́ ara wa, ọwọ́ tirẹ̀ sì mọ́ tónítóní lójoojúmọ́.

Matilda wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ̀rù ni mo pè é," ló wí. "Àṣé inú ló ń bí mi. Àwọn méjì jà nígbà tí n kò sí níbí, èmi ni wọ́n ní àwọn máa lé bí ó bá tún ṣẹlẹ̀." Ó wá tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Làmídì tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ṣáà ń fọwọ́ ra orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà Matilda jókòó, ó bu ìrẹsì, ó fi í sẹ́nu. Collins jókòó tì í, ó bu tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni Richard bá wa. "Ọkọ̀ wà nílẹ̀, ẹ jókòó ẹ ń jẹun?" Làmídì gbé orí sókè, ó la ẹnu, ojú rẹ̀ ti le. Ó wo Matilda, ó wá bu òkèlè ńlá kan, ó fi dí ẹnu ara rẹ̀.

"Ọkọ̀ kan ti kún, sà," ni Matilda wí. "Inú yín ló ń bí mi láti ọjọ́ Ajé, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ jókòó bá wa jẹun, kí n lè sọ ọ́ tán."

Richard wo tíréè náà. Ó ní òun ti jẹun nílé. Ó wọ ọ́fíìsì, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Kò fọwọ́ bọ̀ ọ́ o," Làmídì wí ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ọ̀gá mìíràn wà lórí Richard náà, pé bóyá wọ́n ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí òun náà. Matilda bu ìrẹsì sínú abọ́ kan, ó fi ẹran méjì lé e, ó fi ìdérí bò ó, ó sì ní kí n gbé e lọ fún un. Mo kan ilẹ̀kùn. Kò wo ojú mi, ó ṣáà ní kí n gbé e sílẹ̀.

Ọkọ̀ méjèèjì jáde nígbà tí aago méjìlá kọjá díẹ̀. Nígbà tí àwọn Làmídì ti ibi ìrun dé, Matilda rán mi padà lọ gbé abọ́ náà wá. Mo ṣí ìdérí rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, nítorí n kò lè mú sùúrù títí n ó fi dé ọ̀dọ̀ Matilda. Kò ku ẹyọ ìrẹsì kan nínú rẹ̀.