Ọwọ́ Tó Ń Yún Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀

Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ ni gbogbo ilé ìfọṣọ ń pè é, orúkọ náà kò sì ṣàdédé wá. Bí àwọn alágbàfọ̀ yòókù bá fọ aṣọ ìbùsùn ilé ìwòsàn, á mọ́ lóòótọ́, àmọ́ á le bíi páálí. Ti obìnrin yìí máa ń rọ̀ débi pé aláìsàn á fẹ́ mọ ẹni tó fọ̀ ọ́. Kì í wo omi kó tó mọ̀ pé ọṣẹ ti tán lára aṣọ. Á kàn tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e, á sì mọ̀. Bí wọ́n bá bi í bó ṣe ń mọ̀ ọ́n, á rẹ́rìn-ín, á ní ọwọ́ òun ló ń sọ fún òun.

Ìdí nìyí tó fi di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé iṣẹ́ nígbà tí ọwọ́ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ nígbà náà. Lọ́sàn-án, ó ṣeé fara dà. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú tó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì á dìde sí i. Á họ ọ́, á fi ha etí ibùsùn, á fi ẹnu gé e jẹ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á gbé ọwọ́ síta nínú oòrùn, á yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn: kò sú, kò wú, kò pọ́n, àfi ojú èékánná tó ti fi họ ọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn. Àrùn tó bá lójú, èèyàn á mọ ibi tí yóò fi ìpara sí.

“Owó ló ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n,” ni àwọn ọmọge ìdí ọpọ́n ìfọṣọ fi ń dá a lápárá.

“Owó wo?” ni Ìyá Àgbà, ọ̀gá wọn, dáhùn. “Ọṣẹ ni.”

Ọṣẹ ni ọ̀daràn ilé ìfọṣọ. Bí alágbàfọ̀ kan bá ṣubú nínú ilé ara rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, wọn á ní ọṣẹ ló yọ̀ ọ́. Ìyá Àgbà kò fi falẹ̀ rárá. “Ọmọ mi, o ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọṣẹ mọ́. Lọ sídìí áyọ́ọ̀nù.” Bí Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ ṣe di ẹni tó ń lọ aṣọ nìyẹn. Ó gé èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, ó ń fi ìpara pa ọwọ́, ó sì ń gbé abọ́ omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bó bá ti ọwọ́ bọ inú omi náà, ara á rọ̀ ọ́ díẹ̀. Àmọ́ kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i.

Ẹ̀rù kan wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò sọ fún ẹnì kankan. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ti wọ oṣù kẹsàn-án dáadáa kí ọmọ náà tó dákẹ́ nínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí ìdí kan tọ́ka sí. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí aràn, á sá. Àmọ́ ta ló lè sá fún ikùn ara rẹ̀? Ńṣe ló ń gbé ọwọ́ tó ń yún un yẹn lé ikùn, tó ń retí kí ọmọ tún ta á nípàá.

Aránbàtà ni ọkọ rẹ̀. Àwa yòókù, ojú là ń kọ́kọ́ wò bí a bá pàdé èèyàn. Ẹsẹ̀ ni ọkùnrin yìí máa ń wò. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti rán okùn sálúbàtà ìyàwó rẹ̀ tó já. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀.

“Ìyàwó mi, kí lo ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ ṣe?”

“Kí ni mo tún lè fi ṣe, Oníbàtà, bí kò ṣe kí n fi rìn?”

“Rárá. Bàtà tí wọ́n fi rìn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló máa ń jẹ. Inú ni èyí ti jẹ. O ń fi ẹsẹ̀ ha á ni.”

Ó fẹ́ jiyàn, àmọ́ nígbà tó wolẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti wà létí àtẹ̀gùn, ó ń ha ara rẹ̀ lọ ha ara rẹ̀ bọ̀. Ariwo ọwọ́ ti pọ̀ jù, kò jẹ́ kó gbọ́ ti ẹsẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni pé àlejò ló wọlé.

“Ẹsẹ̀ kì í fọ aṣọ,” ni ọkọ rẹ̀ sọ jẹ́jẹ́.

Ó dìde dúró. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ.

Agbẹ̀bí tó dá wọn lóhùn kò rẹ́rìn-ín, kò sì mẹ́nu ba ọṣẹ. Ó yẹ ọwọ́ wò, ó yẹ ẹsẹ̀ wò, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

“Ọ̀pọ̀ nǹkan ló lè mú kí ọwọ́ yúnni lálẹ́ tí nǹkan kan ò sì sú síta,” ó wí. “Awọ tó gbẹ wà níbẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, àìtó ẹ̀jẹ̀, iṣan tó há mọ́ ọrùn ọwọ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ aláboyún, tí ọwọ́ tẹsẹ̀ sì ń yún un, ẹ̀dọ̀ la máa ń kọ́kọ́ wò.”

Nígbà tí èsì dé, ó fa àga sún mọ́ wọn.

“Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òróòro. Oyún yìí ò jẹ́ kó ṣàn bó ṣe yẹ, ló bá ń padà sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń yún yín. Ọmọ inú ni mo ń bẹ̀rù fún, torí ó lè ṣe é ní jàǹbá láìjẹ́ pé ẹ rí àmì mìíràn.” Ó wo ohun tí wọ́n kọ nípa oyún àkọ́kọ́ sínú fáìlì rẹ̀. “Ti àkọ́kọ́ ńkọ́? Ṣé ọwọ́ yún yín nígbà náà?”

Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó yún un. Wọ́n ní ọṣẹ ni, ó sì gbà pé ọṣẹ ni, ló bá ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́ lálaalẹ́.

“Mi ò lè búra pé òun ló fà á,” ni agbẹ̀bí wí. “Àmọ́ a ti gbọ́ ti èyí.”

Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kó máa wá lemọ́lemọ́ kí wọ́n lè máa gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Wọn ò sì dúró kí oṣù pé tán; wọ́n fi oògùn pe ìrọbí. Obìnrin ni ọmọ náà, ó sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìbí, Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì rí i pé òun ti sùn mọ́jú. Ọwọ́ dákẹ́, ẹsẹ̀ dákẹ́. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí aṣọ ìbùsùn ilé ìwòsàn náà.

“Wọn ò ṣan aṣọ yìí tán,” ó wí. “Ẹ sọ fún Ìyá Àgbà pé ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀.”

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé òpin kí omi tó bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ohun tí kò rí rí. Ọmọ tí kò tíì lẹ́nu, tí kò tíì rí ìmọ́lẹ̀ ayé, ló rí ọ̀nà gba inú ẹ̀jẹ̀ wá kanlẹ̀kùn lójú àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù ńlá tó dùn, tó sì tún ń dunni, bò ó mọ́lẹ̀.

“Ti àkọ́kọ́ náà pè mí, Oníbàtà,” ó wí. “Ó ń pè mí lálaalẹ́. Èmi ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọ́ dànù.”

Ọkùnrin náà sún mọ́ ọn. Ó gbé ọmọ náà lé e láyà, ó sì fi ìka ìyá sínú àtẹ́lẹwọ́ ọmọ. Ọmọ náà dì í mú.