Bàbá Tí Kì í Dáhùn Sàlámù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí àṣìṣe mi. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ìwé kíkọ kò sì mọ́ mi lára.

Bàbá àgbà kan láti Dàgẹ̀sítánì, ní gúúsù Rọ́ṣíà, ń gbé lódìkejì apátímẹ́ǹtì wa ní Houston. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn pé, "Sàlámù alékùn, sà," ṣe ni wọ́n á sáré wọlé, tí wọ́n á tilẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní, "Mùsùlùmí wo ni kì í dáhùn sàlámù? Ọ̀kan nínú àwọn agbébọn tó ń fi ẹ̀sìn pànìyàn lọ́hùn-ún nìyẹn. Lọ fẹjọ́ ẹ̀ sun mánéjà ilé yìí lọ́la, kí wọ́n lé e."

Èmi náà ti ń fura. Nírọ̀lẹ́, mo bi ọmọbìnrin bàbá náà léèrè ìdí rẹ̀ níbi tí a ti ń fọṣọ. Ó ní àwọn agbébọn ló dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn nílé, tí wọ́n ṣe sàlámù. Àbúrò òun dáhùn, ó ṣílẹ̀kùn, wọ́n sì yìnbọn pa á.

"Irọ́ dídùn!" ni ẹ̀gbọ́n mi wí nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. "O sì gbà á gbọ́, ìwọ ọmọ yìí?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ẹnu ọ́fíìsì mánéjà. N kò yà níbẹ̀. Mo gba ibi iṣẹ́ mi lọ.