Àṣírí Mi Lẹ́nu Wòlíì

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsọlọ̀ nígbà tí owó epo ń ṣàn nílẹ̀ yìí, tí ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ rí ń ra alùpùpù. Wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ gba Òṣòdì kọjá nígbà náà. Lọ́sàn-án Sátidé, tí katakata bá ti dákẹ́, àwọn géńdé a kó alùpùpù wọn síbẹ̀, wọn a máa sáré, wọn a máa fò kọjá òkìtì yẹ̀pẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún alùpùpù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ló kọ́ èmi obìnrin láti gùn ún. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fo òkìtì, tí táyà méjèèjì kúrò nílẹ̀, igbe ayọ̀ tí mo ké, mi ò ké irú ẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ràn àdúrà o. Èmi àti àǹtí kan, ará Èkìtì bíi tèmi, la jọ ń gbé ilé kan náà, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan náà la sì ń lọ. Gbogbo Ọjọ́rú la máa ń gbààwẹ̀, a ó kúnlẹ̀ sí yàrá wọn, ẹnìkan a sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀, èkejì a ṣe àmín. Bí ìyá ni mo mú wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti tú àṣírí mi sílẹ̀ ní Ọjọ́rú kan. Mo ní ilé ìtajà alùpùpù kan ní Òṣòdì fẹ́ gbà mí, kí n máa kọ́ àwọn oníbàárà wọn bí wọ́n ṣe ń gùn ún, pé mo sì fẹ́ fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Mo ká ìró mi sókè, mo fi ojú ọgbẹ́ tí alùpùpù dá sí orúnkún mi hàn wọ́n. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wòlíì wa dákẹ́ láàárín ìwàásù, ó dijú.

"Mo rí obìnrin kan," ó ní. "Ó wọ ṣòkòtò, ó ń gun alùpùpù láàárín àwọn ọkùnrin. Ó ti fara gbọgbẹ́ lórúnkún. Ó fẹ́ ju iṣẹ́ tí Olúwa fún un nù. Ikú ló ń sáré bá!"

Gbogbo ìjọ pariwo "Jésù!" Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí, mo rò pé Ọlọ́run ló sọ̀rọ̀. Ni mo bá yíjú sí àǹtí. Wọn ò wo wòlíì. Èmi ni wọ́n ń wò, bí ẹni tó ń wò bóyá oògùn ti ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tá a délé, mi ò tíì bọ́ aṣọ funfun tí mo fi lọ bá wọn ní yàrá wọn.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ sọ fún un."

Wọn ò jiyàn. "Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. O ò ní gbọ́ tèmi, mo ní kó o gbọ́ ti Ọlọ́run."

"Ẹ̀ bá bá mi wí, Àǹtí. Ẹ̀ bá tiẹ̀ gbá mi létí."

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ alùpùpù náà bá mi lára mu: àwọn akọ̀wé ìjọba tó wọ táì ni mò ń kọ́, tí wọ́n ń ṣubú, tí mò ń fà dìde. Mi ò padà sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́. Mò ń gbàdúrà ṣá, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni, ètè mi kì í sì í mì. Bí ẹnìkan bá ní Olúwa fi nǹkan han òun, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi ara mi ni pé ta ló sọ fún un.

Nígbà tí àǹtí ń kó lọ sí àdúgbò Ire-Akari, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Ṣó o ti dárí jì mí?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ti dárí jì wọ́n. Mo bá wọn gbé àpótí wọn dé inú ọkọ̀. Wọ́n ní kí n wá máa kí àwọn. Mo dáhùn pé màá wá, mi ò sì lọ rárá.