Orúkọ Tí Ràfátù Kò Pè

Lánàá, ọmọ ọmọ mi po ìyẹ̀fun gbágùúdá mọ́ omi gbígbóná, ó fẹ́ fi lẹ páálí fún iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀. Òórùn yẹn wọ imú mi, inú sì bí mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun kan náà la fi lẹ adé ọba wa ní Ladjifarani, àdúgbò wa, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn Parakou máa pe ara wọn ní kàmáráádì, tí kàmáráádì kan kò sì fọkàn tán èkejì.

Ẹgbẹ́ eléré ni wá, òtòṣì eléré. Agolo wàrà la gé ṣe adé, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ni agbádá ọba, èédú la fi ya irùngbọ̀n fún àwọn ìjòyè. Bí wọ́n bá làágùn, irùngbọ̀n á ṣàn dé àyà. Bàbá Sẹ̀mí, olùkọ́ kan tó wá láti Ṣábẹ̀, ló kó wa jọ. Eré àtijọ́ ìlú rẹ̀ ló fẹ́ kí a ṣe: ìjòyè kan tó ń jẹ́ Ìgè dalẹ̀ ọba, olorì sì tú àṣírí rẹ̀ lójú gbogbo ìlú. Èmi ni ìránṣẹ́ olorì. Ràfátù ọ̀rẹ́ mi, ìyàwó tuntun ní agboolé Àlájì ní àdúgbò Zongo, ni olorì. Àlájì, oníṣòwò tí í ṣe bàbá ọkọ rẹ̀, fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda rẹ̀, kí ìjọba lè rí i pé ilé òun náà ń kópa. Bí Ràfátù bá la ẹnu, ẹ ó gbàgbé pé agolo ni adé.

Nígbà yẹn, ẹ̀yin ọmọ, ògiri létí lóòótọ́. Bí ẹnì kan bá yà sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa nítorí òjò, gbogbo wa á dákẹ́ títí òjò á fi dá. Ọba kò gbayì lójú ìjọba, eré ọba la sì ń ṣe! Wọ́n ní kòmité, àwọn tí ìjọba yàn láti máa ṣọ́ àdúgbò, ní etí nínú gbogbo ẹgbẹ́, kálukú sì ń wá ẹni tí etí náà jẹ́.

Ràfátù ni wọ́n rí. Bí ó bá dé ibi tí olorì ti ń tú àṣírí, á ní, “Ọ̀dàlẹ̀ náà ni...” á dúró, á wá ní, “ẹni yẹn.”

“Dárúkọ rẹ̀!” ni Bàbá Sẹ̀mí ń pariwo.

“Ẹnu mi ò gbà á, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ míì sí i.”

“Ta ló rán ọ láti yí eré àwọn baba wa padà?”

Ó kúnlẹ̀. Ó parí! Wọ́n ní ó ń yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni, pé bí wọ́n bá kó wa, á lè sọ pé orúkọ kankan kò ti ẹnu òun jáde. Wọ́n fura sí i pé ó ń tètè lọ sílé. Háà! Obìnrin tó ń lọ dáná fún agboolé! Wọn ò bá a jẹ gààrí nínú abọ́ kan mọ́. Mo bi í léèrè, ó ní, “Àbúrò mi, fi sílẹ̀.” Nígbà tó yá, Bàbá Sẹ̀mí gba olorì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún ọmọbìnrin kan tí ọ̀fun rẹ̀ le ju ọpọlọ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ eré pé, lọ́sàn-án, ní àgbàlá ilé-ìwé. Àwọn kòmité wà níwájú, Àlájì jókòó tì wọ́n nínú agbádá funfun. Olorì tuntun na ìka, ó kígbe, “Ìgè! Ìwọ Ìgè ni ọ̀dàlẹ̀ ìlú yìí!” Kòmité pàtẹ́wọ́. Àlájì dìde. Ó lọ bá Bàbá Sẹ̀mí.

“Ta ló fi orúkọ mi lé yín lọ́wọ́?”

Ẹsẹ̀ ni Àlájì fi wá sáyé. Ìgè ni orúkọ rẹ̀. Ta ni ì bá mọ̀? Àlájì ni gbogbo wa ń pè é. Ta ló jẹ́ pe irú àgbà bẹ́ẹ̀ lórúkọ? Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, áńbọ̀sì bàbá ọkọ. Bí Ràfátù bá sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀, nígbà tí kòmité ń wá oníṣòwò tó ń kó ọjà pamọ́ yẹn, Ìgè ọ̀dàlẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ì bá máa pe Àlájì.

Àlájì kò gbà pé èèṣì ni. Ta ló wá láti ilé òun tó ń bá wa jókòó? Ràfátù. Ó ní ó ti ta òun fún kòmité. Bàbá Sẹ̀mí dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí, Àlájì ní olè ló ń bẹ̀bẹ̀ fún olè. Wọ́n ní kí Ràfátù padà sílé baba rẹ̀ ní Ṣakí.

Mo bá a ní ìdíkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámíọ̀ akẹ́rù, ẹrù rẹ̀ lórí. Mo ní, “Kí ló dé tí o ò sọ fún Àlájì pé ìwọ lo kọ̀ tí o ò pè é?”

Ó nu ojú. “Kí n ní kí ni mo kọ̀ tí mi ò pè? Àfi kí n pe orúkọ náà lójú wọn.”

Lónìí, àwọn ìyàwó ń pe bàbá ọkọ lórúkọ lórí fóònù, ọ̀run ò sì wó. Mi ò bá wọn jà. Kòmité ti túká. Ṣùgbọ́n ìfura kò bá wọn lọ. Mo ń rí i ní ojú yín bí àlejò bá jókòó tì yín tí kò sọ̀rọ̀, ó sì ń bà mí nínú jẹ́. Èmi ò rí Ràfátù mọ́. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ni kò fi orúkọ bàbá náà ṣeré, òun náà ni wọ́n sì lé.