Ẹni Tó Ń Fi Eyín Di Pẹ́ńsù Mú

Òṣèré ará Ọsirélíà kan ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí ní Houston, lọ́dún 1986. Ó sọ fún olùdarí eré pé ohùn Yorùbá hàn jù lẹ́nu mi. Wọ́n gba ipa mi, wọ́n fi mí sẹ́yìn aṣọ ìtàgé láti máa rán àwọn òṣèré létí ọ̀rọ̀. Mi ò fibẹ̀ sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń béèrè ipa mi.

Láràárọ̀, ará Ọsirélíà náà fúnra rẹ̀ á fi eyín di pẹ́ńsù mú, á máa kàwé sókè, kí ohùn Ọsirélíà lè kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Mo máa ń ní, "Rọra o, kó má há ọ lọ́fun."

Nígbà tó rí iṣẹ́ sinimá, ó wá dágbére. Mo bi í pé kí ni mo fi ṣe é.

Ó ní, "Ẹ̀rù ló bà mí. Bí wọ́n bá ń gbọ́ ilé yín lẹ́nu yín, wọ́n á máa wá ilé mi lẹ́nu tèmi."