Bí Ọmọ Ọdún Mẹ́jọ Ṣe Júwe Ọkùnrin Kan

Bí mo bá ń sọ ìtàn fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, ìhòòhò ni mo máa ń gbé e síwájú wọn. Mo lè ní, “Obìnrin kan ń lọ sóko,” kí n sì dákẹ́. Wọn á figbe bọnu pé, “Irú obìnrin wo, Àǹtí?” Mo máa dá wọn lóhùn pé, “Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wọṣọ fún un.” Ibẹ̀ ni kíláàsì máa ń dàrú sí. Eléyìí á ní arúgbó ni, tọ̀hún á ní ó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, ẹnì kan lẹ́yìn á ní ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọ̀rọ̀ tó bá wù mí ni mo máa kọ sójú pátákó, obìnrin wa á sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ àpèjúwe mẹ́wàá sílẹ̀ kí wọ́n há a sórí. Mo dán an wò ní táàmù àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, oorun ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Ilé ìwé wa wà létí títì tó ti Ìlobù lọ sí Ìfọ́n. Ìlobù ni wọ́n ti bí ìyá mi, ọmọ Ìfọ́n ni bàbá mi. Nítorí náà, mi ò ní sọ ọmọ ìlú wo ni ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Nínú ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì, kò sí ìlú tí kò pa, kò sí ìlú tí kò sìnkú. Àwọn ọmọ ìlú méjèèjì ló ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní kíláàsì mi, tí wọ́n ń já pẹ́ńsù gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìjà náà tún bẹ́ sílẹ̀. Mo ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ ìbọn, mo ṣèbí táyà ọkọ̀ ló bẹ́. Ìkejì dún, ìkẹta dún, ni èéfín bá bo ọ̀run. Mo gbé àbíkẹ́yìn mi pọ̀n, mo fa èkejì lọ́wọ́, a forí lé inú oko. Ọkùnrin kan sáré bọ̀ wá pàdé wa. Wọ́n ti ṣá a ní èjìká, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di apá òsì mú kó má baà já, ẹ̀jẹ̀ ń ya títí dé bàtà rẹ̀. Bó ṣe ń kọjá lára mi, ó ní, “Ẹ kú ọ̀sán mà.” Mo dá a lóhùn pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o.” Mi ò mọ̀ bóyá ó là á já.

Ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, wọ́n kó sọ́jà sí oríta, wọ́n ti ilé ìwé pa. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà, àwọn ọmọ mi kò pé ìdajì. Àwọn kan ti bá ìyá wọn lọ sí Òṣogbo, àwọn kan lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ọmọkùnrin kan wà lára àwọn tó padà wá, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló ń gbé, torí ìyá rẹ̀ ń ṣòwò ní Òṣogbo. Lọ́jọ́ ìjà, wọ́n ti ìyá àgbà náà mọ́lé, wọ́n sì sọ iná sí ilé. Ọmọ náà wà nínú oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé, ibẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ sí tí ó fi rí gbogbo rẹ̀, tó sì gbọ́ ọ. Àwọn àbúrò ìyá rẹ̀ ló fi ọwọ́ kó egungun ìyá àgbà lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà tó ti padà sí kíláàsì, kò sọ ju “mo wà níbí” lọ bí mo bá pe rẹ́jísítà.

Ọmọbìnrin kan ló ń jókòó tì í, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ìlú kejì ni ọmọbìnrin náà ti wá. Bí wọ́n bá di búrẹ́dì fún un wá sílé ìwé, ó máa ń fà á ya sí méjì fún òun àti ọmọkùnrin náà kó tó jẹun. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì ń ṣe lẹ́yìn ìjà.

Lọ́jọ́ kẹta tá a wọlé, mo ní ká padà sídìí ìtàn. Mo rò pé yóò tù wọ́n lára. Mo ní, “Ilé kan wà lẹ́bàá odò.”

“Jíjó,” ni ẹnì kan wí.

Mo ní, “Ajá kan sùn sẹ́nu ọ̀nà ilé náà.”

“Kò sùn, Àǹtí. Ó ti kú. Ó ti wú.”

“Ó ń rùn,” ni ẹlòmíràn fi kún un. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí n pa ìtàn náà dé níbẹ̀, kí n ní kí wọ́n mú ìwé ìṣirò. Ṣùgbọ́n mo gbà pé bí mo bá mú un rìn síwájú díẹ̀ sí i, a ó bọ́ síbi tó dáa. Mo ní, “Ọkùnrin kan wá sẹ́nu ilẹ̀kùn.”

Ọmọkùnrin náà nawọ́ sókè. Inú mi dùn. Ọlọ́run ló mọ bí inú mi ṣe dùn tó.

“Ó ga,” ló wí. Mo kọ “gíga” sójú pátákó. “Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́.” Mo kọ ọ́. “Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń tiro. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká. Àpá gbọọrọ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, àpá náà ń dán bí ike. Ó dé fìlà pupa. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò ló gbé dání, epo ń kán nídìí rẹ̀, tó, tó, tó.”

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń mú ọ̀rọ̀ náà wá, láìkánjú, èmi náà sì ń kọ ọ́, mo kẹ̀yìn sí wọn. Ìgbà tí mo ṣàkíyèsí pé kíláàsì pa lọ́lọ́ ni mo tó yíjú padà.

Ọmọbìnrin náà ti dìde. Ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì kan tó ti já wà nílẹ̀ lábẹ́ wọn, ìṣó ṣì wà lórí rẹ̀. Òun ló gbé sókè, kí n tó la ẹnu ó ti là á mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí.

“Bàbá mi kọ́!” ló ń ké. “Bàbá mi kọ́! Bàbá mi ò dé bẹ̀!”

Kò sẹ́ni tó ti dárúkọ bàbá rẹ̀.

Iwájú orí ọmọkùnrin náà là. Ẹ̀jẹ̀ ta sí ìwé, ó ta sí aṣọ àwọn tó wà níwájú. Kò sunkún, ó kàn jókòó síbẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń bo ojú rẹ̀, ọmọbìnrin náà sì tún gbé igi náà sókè. Mo sáré nawọ́ sí i, ọrùn ọwọ́ mi ló bà. Mo gbọ́ bí egungun náà ṣe dún. Inú bí mi débi pé mo fi ọwọ́ kejì gbá a létí, ọmọ kékeré yẹn, ó fò ṣubú sórí bẹ́ǹṣì, ẹnu rẹ̀ bẹ́. Báyìí ni ọmọ méjì ṣe ń ṣẹ̀jẹ̀ níwájú mi, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àfọwọ́fà mi.

Hẹ́dìmásítà wa sáré dé. Mo tú síkáàfù mi, a fi di orí ọmọkùnrin náà. Àárín ìyẹn ni aago ìsinmi dún, àwọn ọmọ sì tú jáde lọ ra nǹkan létí títì. Ohun tí ọ̀rẹ́ wọn sọ wà lẹ́nu wọn. Kò pé wákàtí kan tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ọ̀dọ̀ àwọn àbúrò ìyá ọmọkùnrin náà.

Ọ̀nà oko ni wọ́n gbà kí sọ́jà má baà rí wọn. Ọkùnrin márùn-ún ni, lórí ọ̀kadà méjì, tàwọn ti àdá. Hẹ́dìmásítà ti ọmọbìnrin náà mọ́ yàrá tá a ń kó ìgbálẹ̀ àti ìwé àtijọ́ sí, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó ní òun ń lọ pe sọ́jà. Èmi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kíláàsì. Ọmọkùnrin náà jókòó lẹ́yìn mi.

Èyí tó ṣáájú wọn kò ju ẹni tí mo lè bí lọ. Ó ní, “Níbo lọmọ apààyàn yẹn wà?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ni.”

“Ìyá wa náà kì í ṣe ẹran! Níbo ló wà, ìwọ obìnrin yìí?”

Ó pè mí ní ìwọ. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí lóòótọ́. Ó fi ìbú àdá gbá mi lẹ́yìn, mo kúnlẹ̀. Ẹlòmíràn ṣá fèrèsé, pákó rẹ̀ fò wọlé. Wọ́n ń lọ láti kíláàsì dé kíláàsì, àwọn ọmọ kéékèèké ń ké, àwọn kan ń bẹ́ láti ojú fèrèsé. Mo rí i pé wọ́n máa tó dé yàrá ìgbálẹ̀.

Mo figbe ta. Mo ní, “Èmi ni mo sọ ọ́! Kì í ṣe ọmọ yín. Ẹ wá wo pátákó, ọwọ́ ìkọ̀wé mi nìyẹn. Iṣẹ́ ni mo ń kọ́ wọn. Bàbá mi tó ti kú ni mo ń júwe.”

Bàbá mi kúrú, ó sanra, eyín rẹ̀ pé pérépéré títí tó fi kú. Mo fi òkú rẹ̀ parọ́.

Wọ́n padà wá, wọ́n wo pátákó. Ẹni tó ṣáájú wá tẹ̀ ba lẹ́bàá ọmọkùnrin náà. “Ta ló sọ ọ̀rọ̀ yìí? Ìwọ ni àbí tíṣà yín?”

Ọmọ náà wò mí láti abẹ́ síkáàfù tó ti rin gbingbin. Ó mọ ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà. Ó ní, “Àǹtí ni.”

“Ta wá ló la orí ẹ?”

“Mo ṣubú ni.”

Wọn ò gbà á gbọ́ tán, ṣùgbọ́n ọkọ̀ sọ́jà ti ń dún bọ̀. Wọ́n fi àdá ṣá pátákó náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gun ọ̀kadà wọn lọ.

Nígbà tó di aago mẹ́ta, èmi ni mo mú ọmọbìnrin náà gba ẹ̀bá odò lọ sílé. Ọwọ́ mi ti wú, ètè rẹ̀ náà ti wú. Bàbá rẹ̀ ló jáde sí wa. Ó ga. Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó tiro bọ̀ wá bá wa, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀.

“Ẹ kú ìnira wa, Tíṣà. Wọ́n ti sọ fún mi. Ẹ gba ọmọ mi lọ́wọ́ ikú. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín.”

Ó gbójú sókè, mo rí àlàfo eyín náà, mo rí àpá náà. Ó ń dán bí ike lóòótọ́. Ọmọ rẹ̀ ti dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì. Mo ní, “Ẹ dìde, ẹ dìde,” nítorí ohun tí ẹnu mi mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn.

Ìyá ọmọkùnrin náà ti dé láti Òṣogbo nígbà tí mo lọ kí wọn lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti rán orí ọmọ náà. Ọmọ náà bi mí pé, “Àǹtí, ta ló sọ ọ́?”

“Ìwọ ni.”

“Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ pa ọ̀rẹ́ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi gbè yín. Ṣùgbọ́n bàbá ẹ̀ ló sun ìyá àgbà mi.”

Mo bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀ lọ bá àwọn ọlọ́pàá ní Òṣogbo. Ọmọ náà tún sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ ní kíláàsì, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Ọlọ́pàá tó ń kọ ọ́ yíjú sí mi, ó ní ta ló kọ́ ọmọ yìí lọ́rọ̀. Mo ní, “Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń júwe nǹkan. Ọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀ ni ọmọ náà rí.”

Wọ́n lọ mú un. Wọ́n ní ó fẹ́ sá, wọ́n fi ìdí ìbọn lù ú nílẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde ní etí rẹ̀. Ẹjọ́ náà ṣì wà ní kóòtù. Ọmọkùnrin náà ti ń bá ìyá rẹ̀ gbé ní Òṣogbo, ilé ìwé mìíràn ló ń lọ níbẹ̀.

Ìyá ọmọbìnrin náà wá bá mi nílé kí wọ́n tó kó kúrò nílùú. Kò jókòó. Ó ní, “Ọwọ́ kan náà lẹ fi gba ọmọ mi, lẹ fi gba bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èwo ni kí n dúpẹ́ fún?”

Mo ju obìnrin náà lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Mo kúnlẹ̀ fún un síbẹ̀síbẹ̀. Ó gbé àpò rẹ̀, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.