Kòtò Méje Tí Sìlífátù Mọ̀

"Bí o bá débi iṣẹ́, má tíì walẹ̀ o. Mò ń mú ọmọ odó bọ̀."

Ohun tí Sìlífátù sọ kẹ́yìn fún Lateef nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ń wé gèlè. Lateef ní, "Ó dáa, Màmá." Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ti fẹ́ pẹ́ débi iṣẹ́.

Ìyá ìyá rẹ̀ ni Sìlífátù. Òun ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Amọ̀kòkò ni. Àkókó ni wọ́n bí i sí, ó wá lọ́kọ sí Ùgbò-Ọ̀pẹ, abúlé kékeré kan láàárín Ìpele àti Ìjàgbà. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ló lò níbẹ̀. Síbẹ̀, "ará Àkókó" ni wọ́n ń pè é. Ó kàn máa ń fi rẹ́rìn-ín ni. Á ní, "Bí mo bá kú, ẹ gbé mi padà sí Àkókó. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá gbogbo ìkòkò mi tí ẹ fi mu omi padà ná."

Nígbà tí kẹ́ẹ̀gì àti ike dé, ìkòkò kò tà mọ́. Àwọn tó ń se àgbo nìkan ló kù tí wọ́n ń rà á. Sìlífátù kò dáwọ́ dúró. Bó bá kírun àárọ̀ tán, ìdí amọ̀ ló kàn. Bí ẹnìkan bá bi í pé ta ni yóò rà á, á ní ọwọ́ òun ló ń yún òun.

Nígbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun, àwọn obìnrin ló ń wa amọ̀ ní Ùgbò-Ọ̀pẹ. Ọkùnrin kì í débẹ̀. Èèwọ̀ ni. Wọ́n ní bí ojú ọkùnrin bá kan inú kòtò amọ̀, gbogbo ìkòkò tí wọ́n bá mọ láti ibẹ̀ ni yóò là nínú iná. Amọ̀ tó dáa kì í sí lókè. Àwọn obìnrin á wa ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, wọ́n á wá yà sábẹ́ rẹ̀ bí òkété. Bí wọ́n bá lò ó tán, wọ́n á fi igi dábùú ẹnu rẹ̀, wọ́n á kó ewé lé e, wọ́n á da erùpẹ̀ bò ó. Koríko á hù. Ó parí. Kòtò méje ni wọ́n bò mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú pápá tó wà létí títì. Ìyálé ló ń fi han ìyàwó. Ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ fún ọkọ.

Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè abúlé ní àwọn fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjìlá sínú pápá yẹn. Alága wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì, tísà tó ti fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó mọ ìtàn tó o. Ọba tó jẹ, ogun tó jà, idà tó ti Ìbìní wá, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó kọ ìwé pẹlẹbẹ kan nípa abúlé náà. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé ọ̀hún, ìyá tirẹ̀ ni. "Olórí tí kò mọ àná, kò lè tukọ̀ ìlú," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí nípàdé. Wọ́n á pàtẹ́wọ́.

Kì í sì í ṣe pé kò wádìí. Ó pe àwọn àgbà ọkùnrin jọ, ó bi wọ́n bóyá nǹkan kan wà lábẹ́ ilẹ̀ náà. Wọ́n búra pé kò sí. Wọn kò purọ́. Wọn kò mọ̀ ni.

Bíríkìlà ni Lateef. Òun ni wọ́n gbéṣẹ́ náà fún. Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tó máa rí nìyẹn láyé rẹ̀. Ó sáré wálé wá sọ fún ìyá àgbà. Sìlífátù ń fi ọwọ́ dán etí ìkòkò. Ọwọ́ náà dúró.

"Níbo lo wí?"

"Inú pápá, létí títì."

"Ta ni wọ́n bi?"

"Àwọn bàbá."

"Àwọn bàbá!" Ó pòṣé. "Wọ́n lọ bi adìẹ léèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ odò. Lateef, ilẹ̀ yẹn ṣófo nínú, kòtò méje ló wà níbẹ̀. Lọ sọ fún alága rẹ. Sọ pé Sìlífátù ló wí bẹ́ẹ̀."

Lateef lọ. Ó bá alága ní pálọ̀ pẹ̀lú Tahir, akápò ẹgbẹ́. Ó jíṣẹ́ náà bí ẹni tí ojú ń tì.

Alága kò bínú. Ó ní, "Lateef, ọmọ mi, ìtàn kì í ṣe àlọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń tọpa ìtàn ìlú yìí. Kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ kòtò kankan níbẹ̀."

Tahir ní, "Ará Àkókó ló wá fẹ́ fi ilẹ̀ baba wa hàn wá? Màmá kàn ń wá ẹni tó máa ra ìkòkò ni jàre."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lateef náà rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó délé, ó ní wọ́n ti gbọ́. Sìlífátù wò ó títí. Ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló sọ̀rọ̀ ọmọ odó yẹn. Ọ̀nà tí àwọn amọ̀kòkò fi ń mọ ibi tí ilẹ̀ ṣófo nìyẹn. Wọ́n á gún ilẹ̀ lọ́mọ odó, wọ́n á tẹ́tí. Ibi tó kún, ohùn rẹ̀ á kú. Ibi tó ṣófo á dáhùn.

Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí Sìlífátù dé, wọ́n ti ń walẹ̀ ìpìlẹ̀. Ó bọ́ bàtà. Ó gún ilẹ̀ níhìn-ín, ó gún un lọ́hùn-ún, ó dorí kodò.

"Ọ̀kan rèé." Ó fi gìgísẹ̀ sàmì sí i. "Ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

Tahir ní, "Màmá, iyán yín ò tíì kúnná?"

Àwọn lébìrà bú sẹ́rìn-ín.

Alága ní, "Ẹ rọra o, Màmá. Ilẹ̀ ń yọ̀."

Sìlífátù sún síwájú. Ó gbé ọmọ odó sókè. Ilẹ̀ là, ó gbé e mì. Kò ké. Lateef ló ké.

Ṣọ́bìrì ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Ẹ̀rù bà wọ́n pé kó má gún un, wọ́n wá fi ọwọ́ walẹ̀. Amọ̀ ibẹ̀ dáa, ó dúdú, ó ń fà bí ẹ̀kọ. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó gbé e jáde. Kí wọ́n tó kírun Aláásàrí, wọ́n ti sin ín. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ Àkókó.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n ṣe àdúà, alága wá. Ó sunkún, ẹkún òtítọ́ ni. Ó ní orúkọ Sìlífátù ni àwọn yóò fi pe ṣọ́ọ̀bù náà, àti pé òun yóò fi orí kan kún ìwé òun nítorí rẹ̀. Wọ́n ṣe àmín.

Lateef ní, "Bàbá, kòtò mẹ́fà yòókù ńkọ́?"

"A ti da òkúta tírélà kan sí èyí tó là."

"Mo ní mẹ́fà yòókù."

"Ṣé ó fi wọ́n hàn ọ́ ni?"

 Ọkùnrin ni Lateef. Sìlífátù kò fi wọ́n hàn án. Òjò ti wẹ àmì gìgísẹ̀ yẹn nù, ẹsẹ̀ àwọn lébìrà sì ti tẹ̀ ẹ́ pa.

Alága gbá a léjìká jẹ́jẹ́. "Iṣẹ́ yóò padà bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Bí ara rẹ kò bá gbé e, Tahir mọ bíríkìlà kan ní Ìyeré."

Àbẹ̀ẹ́bí nìkan ló kù nínú àwọn ìyàwó ìgbà yẹn. Lateef lọ bá a lórí ẹní. Ìyá arúgbó náà pè é ní orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ó ní kó lọ ṣanwọ́ wá jẹun.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Lateef mú ọmọ odó lọ sínú pápá. Ó gún ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dorí kodò bí Sìlífátù ti máa ń ṣe. Gbùù. Gbùù. Gbùù. Ohùn kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń dún létí rẹ̀. Ó tún gún un. Àwọn tó ń kọjá kí i pé ó kú iṣẹ́. Ó dá wọn lóhùn.

Nígbà tó délé, ó já ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò wọ̀ ní Mọ́ńdè lórí okùn. Láti ọjọ́ tí ilẹ̀ là ló ti wà níbẹ̀, amọ̀ ti gan mọ́ ọn lórúnkún. Lateef fa omi. Ó rẹ ṣòkòtò náà sínú rẹ̀, ó bu ọṣẹ sí i, ó jókòó tì í, ó ń fọ̀ ọ́. Omi náà dúdú. Ó dà á nù, ó bu òmíràn.